Ajá Tí Ara Ń Yún: Oògùn Tí A Fi Ń Wẹ̀ Ẹ́ àti Èyí Tí A Fi Ń Ra Á

Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín: ṣé èèyàn rí owó dókítà san tán kó tó wá kan ajá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ajá ló ń ṣọ́ ilé fún wa lóru, ajá ló ń bá ọdẹ wọ igbó, àwọn ọmọ wa sì ń bá a ṣeré láàárọ̀ lálẹ́. Ohun tí bàbá bá dà sí ara ajá láàárọ̀, ọwọ́ ọmọ á kàn án kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ yẹn náà ló sì máa fi jẹun. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera wa ni.

Àìsàn tí à ń wí yìí kò ṣòro láti dá mọ̀. Ajá á máa họra tọ̀sán-tòru, kò ní jẹ́ kí ará ilé sùn. Á máa gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ, á máa lá àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí irun funfun ibẹ̀ á fi pọ́n bí irin tó dípẹtà. Etí á pupa, á máa rùn. Irun abẹ́ ikùn àti ti abíyá á máa re. Bó bá pẹ́, awọ ibẹ̀ á nípọn, á dúdú, á hun jọ bí awọ erin. Nígbà tó bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní kúrúnà ti mú un. Àwọn kan á lé e jáde kúrò nílé, àwọn mìíràn á sì lọ gbé oògùn òwú.

Oògùn òwú yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń pa á. Ní agbègbè wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú, ìgò oògùn kòkòrò kì í ṣọ̀wọ́n nílé àgbẹ̀. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú omi, wọ́n á da á sí ajá lára kí iná àti eégbọn lè kú. Iná á kú lóòótọ́. Àmọ́ awọ ajá ń fa oògùn náà wọlé, ajá á tún fi ahọ́n lá ìyókù. Kò ní pẹ́ tí itọ́ á fi máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀, á máa gbọ̀n, á máa bì, á máa ṣu gbuuru, èémí rẹ̀ á máa le. Ẹlòmíràn nínú wọn kì í rí ìmọ́jú. Bí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ wọ ọ̀rá sí ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé ajá náà pẹ̀lú ìgò oògùn lọ bá dókítà ẹran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Epo pupa àti wàrà tí a máa ń sáré rọ ọ́ kò lè wo oró yẹn.

Epo dúdú tí mẹkaníkò yọ kúrò nínú mọ́tò náà ńkọ́? Oró wà nínú ẹ̀, ajá á lá a wọnú, awọ á sì máa jóná lábẹ́ rẹ̀. Omi jafẹ́ẹ̀lì tí a fi ń fọ aṣọ funfun náà ń bó awọ ni. Irun tó bo ajá ló ń tàn wá jẹ, a rò pé awọ rẹ̀ le ju tiwa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkè awọ ajá, ìpele 3 sí 5 péré ló ní, nígbà tí ti èèyàn ń lọ sí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò bá ṣeé fọ ojú ọmọ, kò ṣeé dà sí ajá lára.

Kí ló wá ń yún un? Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ajá bẹ́ẹ̀, ara ló kọ nǹkan kan, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní alẹ́ríjì. Ohun tí kò ṣe ajá aládùúgbò ní nǹkan kan ni ara ti ajá yìí kà sí ọ̀tá, tó wá dìde ogun sí i. Ẹ ti rí ẹni tó jẹ edé tí ara rẹ̀ wú kẹ́kẹ́, tí gbogbo ojú rẹ̀ sì ń yún. Ohun kan náà ni, àfi pé ti ajá kì í tètè lọ.

Iná ajá ló sábà ń fà á jù. Ẹ má fi í pe eégbọn, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara tó ń mu ẹ̀jẹ̀ títí á fi wú. Iná ajá ni kòkòrò pẹlẹbẹ tó pọ́n rúsúrúsú, tó máa ń fò pọ́n-ún bí ẹ bá ya irun. Bó bá fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀, ó ń tu itọ́ sínú awọ, itọ́ yẹn gan-an ni ara ajá kọ̀. Ajá tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, ìjẹ díẹ̀ péré ti tó láti mú un họra fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà ẹ lè tú gbogbo irun rẹ̀ kí ẹ má rí iná kan ṣoṣo, torí ó ti gbé wọn mì níbi tó ti ń gé ara rẹ̀ jẹ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí ìrù àti ẹ̀yìn itan. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni irun ti re jù, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Eruku ilé tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò rí tó ń gbé nínú rẹ̀, àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko. Ajá tí èyí bá ń bá jà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 3 tí wọ́n bí i. Ẹsẹ̀, ojú, etí, abíyá àti abẹ́ ikùn ló ń yún un, kì í ṣe ìdí ìrù. Ajá ilẹ̀ wa lè ní in, ṣùgbọ́n àwọn ajá bẹrijé tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ló tún ń bá jà jù. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ẹran tàbí ẹja kan lè wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Ìyẹn gba kí dókítà yan oúnjẹ tí kò jẹ rí fún un, kó máa jẹ ẹ́ nìkan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, láìsí èérún oúnjẹ ilé kankan. Ẹ mọ̀ bí ó ti nira tó nínú ilé tí ọmọ pọ̀ sí.

Ará Kétu mọ Akaba Ìdènà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú tí àwọn bàbá wa ń ṣọ́ nígbà ogun. Awọ ni Akaba Ìdènà ara. Nígbà tó bá dá ṣáká, ọ̀rá tó wà láàárín àwọn ìpele rẹ̀ ń dí gbogbo ihò pa bí amọ̀ tó wà láàárín bíríkì. Ajá tó ní àìsàn yìí, amọ̀ yẹn ti ń wó lára ògiri rẹ̀. Omi ara á máa gba ibẹ̀ jáde, awọ á gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Eruku á gba ibẹ̀ wọlé, ara á yún, ajá á họ ọ́, ihò náà á tún fẹ̀ sí i. Níbẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti ń gbé lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìṣe é ní nǹkan á wá di púpọ̀: ìléròrò, ọyún, èépá. Ẹ̀yà ìwúkàrà kan náà máa ń hù sí etí, abíyá àti àárín ìka ẹsẹ̀, òun ló ń rùn tó sì ń mú awọ yọ̀ bí ẹni fi epo ra á. Àwọn méjèèjì yìí tún ń fi yíyún kún yíyún. Ẹ wá rí ìdí tí oògùn tí a ń fi sí awọ gan-an fi ṣe pàtàkì. Ibi tí odi ti wó ló ń lọ tààrà, ó ń pa kòkòrò níbẹ̀, ó ń fọ eruku kúrò, àwọn kan nínú wọn sì ń dá ọ̀rá padà.

Kí n má gbàgbé: kúrúnà gidi wà, kì í sì í ṣe ohun kan náà. Kúrúnà ní kòkòrò tó ń gbẹ́ ihò sínú awọ, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ létí etí àti ní ìgúnpá, ó ń ràn ajá mìíràn, ó sì lè mú kí ará ilé náà máa họra fún ìgbà díẹ̀. Alẹ́ríjì kì í ràn ẹnikẹ́ni. Bí ara ẹ̀yin àti àwọn ọmọ bá ń yún lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ti ajá, ẹ lọ bá dókítà, kó fi abẹ ha awọ ajá náà díẹ̀, kó wò ó. Làpálàpá ajá náà ń ràn èèyàn. Ọṣẹ kankan kò gbọ́dọ̀ ṣíwájú àyẹ̀wò yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwẹ̀. Ọṣẹ olómi oníòògùn tí àwọn dókítà ẹran máa ń fún wa jù ni èyí tó ní chlorhexidine nínú. Ẹ wo ara ìgò, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 2 %, 3 % tàbí 4 % síbẹ̀. Òun ló ń pa àwọn kòkòrò tó ń mú ìléròrò wá. Bó bá jẹ́ pé ìwúkàrà náà wà lára ajá, dókítà lè yan èyí tí wọ́n da miconazole pọ̀ mọ́ ọn. Chlorhexidine yìí kì í kúkú ṣe àjèjì sí wa. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ń fi irú kan rẹ̀ sí ìwọ́ ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ti ìwọ́ ọmọ le ju ti ajá lọ, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú: ó ti ba ojú ọmọ jòjòló jẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣì í lò bí oògùn ojú, ó sì lè ba ti ajá náà jẹ́. Ẹ má dà á sínú ihò etí láìjẹ́ pé dókítà ti wo inú etí náà, torí bí awọ inú etí bá ti ya, ó lè sọ ajá di odi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó wọn nìyí. Wọ́n á ra oògùn, wọ́n á da á sí ajá lára, wọ́n á fọwọ́ ra á fẹ́ẹ́rẹ́, kíá wọ́n ti da omi sí i. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Báwo ni á ṣe ṣiṣẹ́? Omi ti gbé e lọ. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí awọ fún iṣẹ́jú 10 kó tó lè pa ohun tó fẹ́ pa. Ìgbà tí ẹ bá ra á dé gbogbo ara tán ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí ka iṣẹ́jú náà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ṣí ìgò. Ẹni tí kò bá ní aago, kó tan rédíò wa: orin mẹ́ta á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kó tó tó àkókò láti ṣan án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Omi tútù díẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má lo omi gbígbóná, torí gbígbóná ń mú yíyún pọ̀ sí i. Bí ara rẹ̀ bá dọ̀tí gan-an, ẹ fi ọṣẹ ajá lásán fọ ìdọ̀tí àti epo ara rẹ̀ kúrò ná, kí ẹ má baà fi oògùn ọ̀wọ́n fọ iyẹ̀pẹ̀. Ẹ rẹ irun náà títí omi á fi kan awọ. Ibi tó ń dùn ún jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí ra oògùn, àárín ìka ẹsẹ̀, abíyá, abẹ́ ikùn, kí ibẹ̀ lè jẹ àǹfààní àsìkò tó gùn jù. Ẹ fi ọmọ ìka ra á wọnú irun bí ẹni ń fọ orí ọmọ, ẹ má lo kànìnkànìn, ìyẹn ń ha awọ. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 yẹn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má lá a, kó máa bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan án, ẹ tún un ṣan, títí omi tó ń já bọ́ kò fi ní hó mọ́. Èyí tó bá gbẹ mọ́ awọ á tún mú un yún. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ní pàtàkì àárín ìka ẹsẹ̀, kí ẹ fi sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ibòji, kó má lọ yí nínú iyẹ̀pẹ̀ bí ìṣe wọn.

Nígbà tí ìléròrò ṣì wà, ìgbà 2 sí 3 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wẹ̀ ẹ́ báyìí. Bí awọ bá ti mọ́, dókítà á dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí kó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má retí ìyanu lọ́jọ́ kan. Awọ òkè ajá máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀ tán, ẹ fún un láyè tó bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ yín nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó ní irú èyí tó jẹ́ fóòmù tàbí aṣọ ìnura tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn. Wọn kì í fi omi ṣan ìyẹn, ó sì dára fún ẹsẹ̀ àti ibi kékeré.

Awọ tó gbẹ nílò ìtùnú náà. Ọṣẹ kan wà tí wọ́n fi ọkà oat ṣe, àwọn mìíràn ní ọ̀rá tó jọ ti awọ nínú. Wọn kò pa kòkòrò, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú awọ tutù, wọ́n ń dín yíyún kù fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ ó béèrè pé ọṣẹ dúdú wa ńkọ́. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, òun ni mo fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì mú gan-an. Lára ajá tí odi awọ rẹ̀ ti wó, ìwọ̀nba ọ̀rá tó kù ló máa bó lọ. Òrí kò burú fún àtẹ́lẹsẹ̀ tó sán, díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wo alẹ́ríjì. Bí ẹ bá sì fi í bo ibi tó ń ṣọyún, ẹ kàn bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ ni.

Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń fín sí ara, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pa yíyún náà fúnra rẹ̀. Hydrocortisone aceponate ni orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń fín in, bí ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún sí awọ, fún ọjọ́ 7 léraléra, lẹ́yìn náà kí dókítà wò ó kó tó sọ bóyá kí ẹ tẹ̀síwájú. Inú awọ ló ti ń ṣiṣẹ́ tó sì ti ń túká, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi sàn ju ìpara líle lọ. Kì í ṣe fún ojú egbò tó ṣí sílẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fún ibi tó ń ṣọyún tí a kò tíì tọ́jú.

Ìpara líle tí mo wí yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni àwọn kan ń rà lọ́jà láti fi bó ara. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní clobetasol tàbí betamethasone nínú. Ẹnìkan á rí i pé ó pa ẹ̀yún lára òun, á fi ra ajá. Lóòótọ́, lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì, ajá á sinmi. Nígbà tó bá yá, awọ ibẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé, kòkòrò á rí ọ̀nà wọlé, ajá á sì ti fi ahọ́n kó ìpara náà sínú, á máa mu omi bí ẹni pé òùngbẹ kò ní tán, á máa tọ̀ kiri. Bí ara kò bá yún mọ́ nítorí pé awọ ń kú lọ, ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí iná ajá díẹ̀, torí ìwẹ̀ nìkan kò lè ṣẹ́gun rẹ̀. Abo kan lè yé ẹyin 40 sí 50 lójúmọ́, ẹyin náà kì í sì í dúró lára ajá, ó ń já bọ́ sórí ẹní, sínú iyẹ̀pẹ̀, sí abẹ́ àga. Ẹ gbá ilé, ẹ fi omi gbígbóná fọ ohun tí ajá ń sùn lé, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ sì fún gbogbo ajá àti ológbò ilé ní oògùn iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ni, ẹ má wẹ ajá láàárín ọjọ́ 2 ṣáájú àti ọjọ́ 2 lẹ́yìn rẹ̀, torí orí ọ̀rá ara ni ọ̀pọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń gbà tàn ká. Ajá tí ẹ bá ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, oníhóró tí wọ́n ń gbé mì lè bá a mu jù. Ẹni tó ní ológbò, kó ṣọ́ra gidi: oògùn ajá tó ní permethrin nínú ń pa ológbò.

Ajá tí ara ń ro lè géni jẹ, bó ti wù kó mọ̀ yín tó. Ẹ fi aṣọ di ẹnu rẹ̀ bí kò bá fara balẹ̀, ẹ má fi ọmọdé ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ sì rí i pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Bó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí ẹni náà fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú rẹ̀ fún iṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ fún ọ̀sẹ̀ 3, tí iná sì ti kúrò, ṣùgbọ́n tí kò tíì sinmi, a jẹ́ pé ó nílò oògùn mímu tàbí abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìwẹ̀ náà. Bó bá ní ibà, tí kò jẹun, tí ọyún ń jáde láti inú egbò jíjìn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 3 o. Nígbà tí ẹ bá ń lọ bá dókítà, ẹ mú gbogbo ìgò tí ẹ ti lò dání, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti mú jáde, kí ẹ sọ ibi tó kọ́kọ́ ń yún un, oṣù tó máa ń le sí jù, àti ohun tó ń jẹ. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e lọ, torí inú èépá àti epo ara rẹ̀ yẹn ni dókítà ti máa wo kòkòrò tó wà níbẹ̀.